Ẹsẹ̀ Òsì Ni Sọ́jà Fi Ń Ṣíṣẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, n kì í lè jókòó pẹ́ lójú kan. Màá ka ìwé díẹ̀, màá dìde. Màá lọ sójú fèrèsé, màá wo àwọn tírélà tó tò sí Liverpool Road ní Àpápá níbí bí ẹni pé wọn kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Màá padà wá jókòó, kí àga tó gbóná, mo ti tún dìde. Ìyàwó mi ní ara bàbá mi ni mo gbé wọ̀. Kò purọ́. Bàbá mi kò fẹ́ràn ìjókòó rí, títí àìsàn fi mú un jókòó tipátipá.

Sọ́jà ni. Inú bárékè ní Àpápá ni wọ́n bí mi sí, ariwo bàtà lórí pápá páréèdì ló sì máa ń jí wa láàárọ̀. Àwọn ọmọ mìíràn máa ń sá pamọ́ tí bàbá wọn bá ti ẹnu iṣẹ́ dé. Àwa kì í sá. Bàtà iléèwé wa ni tiwa máa ń kọ́kọ́ béèrè, kó tó béèrè oúnjẹ. Yóò lóṣòó, yóò fi pólíìṣì kùn ún, yóò nù ún títí yóò fi máa dán. Bọ́tìnnì tó bá já lára yúnifọ́ọ̀mù wa, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gán an, ó ní ìyá wa kì í fa òwú le tó. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, á gbé gàárì àti ẹja gbígbẹ wá bá mi nínú aṣọ ogun rẹ̀, á dúró ti bẹ́ẹ̀dì mi.

"Bàbá, ẹ jókòó."

"Jẹun ná."

Á dúró títí màá fi jẹun tán, á wo ìsàlẹ̀ àwo, ìgbà yẹn ló máa tó lọ.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kọ́lé sí Ajégúnlẹ̀. Nítorí omi òjò tó máa ń ya wọlé ládùúgbò yẹn, ó gbé ẹnu ọ̀nà ga, ó ṣe àtẹ̀gùn gàgàrà sí i. Inú ilé náà ló wà tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọlù ú, lẹ́yìn ikú ìyá wa. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì ló mú. Mo kó aṣọ díẹ̀ kúrò ní Àpápá, mo lọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ń wá láti ọsibítù láti fi ọ̀pá kọ́ ọ ní ìrìn. Ó mọṣẹ́. Ó ní tí Bàbá bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tí kò dá ni kó ṣáájú. Tó bá ń gòkè, èyí tó le ni kó kọ́kọ́ gbé, ìyẹn ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìsọ̀kalẹ̀ kò ní wàhálà rárá. Nígbà tó di àtigòkè padà, Bàbá dúró.

"Bàbá, ẹ gbé ti ọ̀tún."

"Kí ló dé?"

"Òun ló lágbára, sà."

"Ọmọ mi, ẹsẹ̀ òsì ni sọ́jà fi ń ṣíṣẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀tún ṣíṣẹ̀, gbogbo páréèdì ló máa fi í rẹ́rìn-ín."

"Bàbá, a ò sí lórí páréèdì."

"Ìwọ ni o ò sí níbẹ̀."

Ó gbé òsì. Ẹsẹ̀ náà kò gbà á dúró, díẹ̀ ló kù kó ṣubú lù wá.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá a yí nìyẹn: ó lè jáde nílé, kò lè wọlé. Bẹ́ẹ̀, ìjáde ló sì fẹ́ràn. Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀, ó ti wà níta. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, èmi àti àwọn ará àdúgbò á fi àga gbé e wọlé, á lejú mọ́ gbogbo wa. Fọkanáísà tó wà ní iwájú ilé wa kì í dákẹ́.

"Baba Soja! Barracks don close gate?"

"Na your papa close am!" Bàbá á dáhùn láti orí àga.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọpọlọ àti iṣan fún un, bí mo ṣe kà á. Ó gbọ́ ọ délẹ̀. Ó ní, "Yunifásítì dáa."

Ọjọ́ Ìsinmi tí ṣọ́ọ̀ṣì wa fi ń dúpẹ́ fún àwọn ọmọ ogun wá ń sún mọ́lé. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn sọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì máa ń yan wọlé lọ síwájú pẹpẹ. Bàbá kò pa á jẹ rí. Àtẹ̀gùn sì wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé yín gòkè."

"Òkú ni wọ́n ń gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ẹ bá gbé mi wọlé, ẹ yáa ní kí pásítọ̀ máa sìnkú lọ."

Ara mi kò balẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò ṣubú lójú gbogbo ìjọ. Ohun tó tún bà mí lẹ́rù jù ni pé tí kò bá lè wọlé lọ́jọ́ náà, bóyá kò ní jáde nílé mọ́.

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló gbé wa lọ. Ó ti to àwọn àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ sáyà kóòtù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, dùùrù ti bẹ̀rẹ̀. Nídìí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ òsì. Ẹsẹ̀ náà gbọ̀n. Ó gbé e kalẹ̀. Ó tún gbé e. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fún èrò ní ìjókòó sáré wá.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí!"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ lójú kan náà, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, bí àwọn sọ́jà ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń dúró de àṣẹ. Òógùn bò ó. Ìgbà yẹn ni mo rántí pápá bárékè. Tí ẹsẹ̀ sọ́jà kan bá ṣì, ọ̀gá á pariwo pé "Ṣéńjì sítẹ́ẹ̀pù!", onítọ̀hún á sì pààrọ̀ ẹsẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀, àṣẹ ni. Àwa ọmọdé máa ń fi ṣeré lẹ́yìn ilé.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò pa àṣẹ yẹn? N kò pàṣẹ fún bàbá mi rí. Bí mo bá tiẹ̀ fẹ́ kó lo oògùn, "ẹ jọ̀ọ́ sà" ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣéńjì sítẹ́ẹ̀pù."

Kò wò mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró. "Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ lórí páréèdì?"

Mo pa gìgísẹ̀ pọ̀. Mo la ẹnu.

"Ṣéńjì sítẹ́ẹ̀pù!"

Ẹni tó sáré wá yẹn fò sẹ́yìn. Bàbá pààrọ̀ ẹsẹ̀, ọ̀tún bọ́ sórí àtẹ̀gùn, ó gbà á dúró, òsì wọ́ tẹ̀ lé e. Mo ń pè, ó ń gùn ún, títí ó fi dé òkè.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó tún àwọn àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ ṣe. Ó bojú wẹ̀yìn.

"Ohùn rẹ fẹ́lẹ́ jù," ó ní. "Tá a bá délé, wàá tún un pè." Ó yan wọlé lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, èmi ni mo ń pàṣẹ ní ìrọ̀lẹ́ kí bàbá mi tó wọ ilé tó fi owó ara rẹ̀ kọ́. Kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tó gbà pé ohùn mi ti tó.