Abọ́ Inú Gìtá Sànyà

Ogójì ọdún ni Nùréènì fi ṣe abọ́ tí kì í dún. Oregun ló ti kọ́ṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ àti ìkòkò alumíníọ́mù. Bí ẹ̀rọ bá ti ń yí, á fi ọ̀pá gígùn tẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ ara igi kan tó rí bí abọ́, tó ń bá ẹ̀rọ yí, díẹ̀díẹ̀, títí irin yóò fi tẹ̀ di abọ́. Ọ̀gá rẹ̀, Bàbá Shuaib, á wá fi ìka ta á. Bí abọ́ bá dún gbinrin, ó fẹ́lẹ́ jù nìyẹn, kò ní pẹ́ lu. Bàbá á jù ú sílẹ̀, á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rún. Kò pẹ́ tí Nùréènì náà fi ń tẹ tirẹ̀ rún kí ọ̀gá tó dé.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, ó ra ẹ̀rọ kan níbẹ̀, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ojú irin ní Agége.

Onígìtá ni Sànyà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe. Igi àtijọ́ ni ara gìtá rẹ̀, ṣùgbọ́n irin roboto kan tó ní ihò bí asẹ́ wà ní àyà rẹ̀. Lábẹ́ asẹ́ yìí ni abọ́ irin kan dojú dé sí; òun ló ń gbé ohùn okùn jáde. Ọwọ́ atukọ̀ kan ni Sànyà ti rà á ní Àpápá, nígbà tí àwọn méjèèjì kò tíì láya. Títí di òní, wọn kò rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Lọ́dún tó kọjá, Sànyà ń ta gìtá náà lọ́wọ́ nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Orí gìtá ló ṣubú lé. Apá òsì rẹ̀ kú, abọ́ inú gìtá sì rún.

"Nùréènì," ló wí nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí i ní Onígbòǹgbò, "dókítà ò sọ fún mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò pẹ́ mọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Abọ́ ṣáà ni. Àbí ìwọ kọ́ lo ń ṣe abọ́?"

"Bí mo bá tiẹ̀ gbàgbé orúkọ mi, mi ò lè gbàgbé abọ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó fi ìka ta á, kò dún. Inú rẹ̀ dùn. Ìbísọ́lá, ọmọbìnrin Sànyà, bá a tò ó sínú gìtá, ó sì fa okùn le. Sànyà fi ọwọ́ ọ̀tún ta okùn kan. Ohùn tó jáde dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Ìkòkò ẹ̀gúsí lo gbé sínú gìtá mi, ìwọ ọkùnrin yìí," ni Sànyà wí. "Ìbísọ́lá, lọ dáná."

Ìbísọ́lá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yíjú sí fèrèsé kó lè nu ojú rẹ̀. Nùréènì ti ń tú okùn.

"Bàbá Kaothar, ẹ sinmi ná. Ẹ jẹ́ kí n fún yín lómi," ni Ìbísọ́lá wí fún Nùréènì.

"Omi kọ́, ọmọ mi. Àfọ́kù ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Ó kó àfọ́kù náà lọ sí Agége. Nígbà tó fi ìka méjì mú ọ̀kan, ẹ̀rù bà á: kò nípọn ju ìwé lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Apá rẹ̀ á fẹ́ dúró níbi tó ti ń dúró láti ogójì ọdún. Bó bá fi ipá tì í kọjá ibẹ̀, irin á ya. Mẹ́fà ló ya bẹ́ẹ̀. Ìbísọ́lá pè é lórí fóònù pé bàbá òun kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́.

Ìkeje kò ya. Nùréènì pa ẹ̀rọ, ó fi ìka ta abọ́ náà. Ó dún gbinrin, ó sì ń dún lọ. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti gbé e sílẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ sókè láti tẹ̀ ẹ́. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó di ẹ̀rọ mú. Lẹ́yìn náà, ó rọra gbé ẹsẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n to abọ́ náà sínú gìtá, wọ́n sì tẹ́ gìtá lé Sànyà nítan lórí ibùsùn. Nùréènì ló di ọ̀pá irin kékeré tí wọ́n fi ń yí ohùn padà mú lórí okùn, ní ipò ọwọ́ òsì tó ti kú.

"Fà á síwájú. Ó tó. Jọ̀ọ́, má tẹ̀ ẹ́ bí abọ́."

Sànyà ta okùn mẹ́ta. Ohùn náà kún yàrá. Nùréènì ń dúró de ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n Sànyà kò ṣẹ̀fẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé asẹ́ irin náà, ó sì fi síbẹ̀ títí gbígbọ̀n inú rẹ̀ fi rọlẹ̀.

"Tún fà á," ló wí.