Ewé Ẹ̀gẹ́ Màmá Ìfọ́n

Ihò tí kò yẹ kó yí padà ló yí padà. Mo dúró ti tábìlì ní lábù wa ní Òṣogbo, mo ń wo abọ́ pẹlẹbẹ kan tó ní ihò róbótó-róbótó lára, omi inú ihò kan sì ń di yẹ́lò díẹ̀díẹ̀, bí ìyeyè tó ń pọ́n lórí igi. Àwọn ihò yòókù ti ṣe ohun tí mo retí. Ti ewé ẹ̀gẹ́ tó ní àrùn ti pọ́n. Èyí tí mo bu omi lásán sí mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n ihò ewé tí ara rẹ̀ le, ewé tí gbogbo iṣẹ́ mi dúró lé lórí, òun náà pọ́n. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ni. Mo bọ́ awò mi, mo fi etí kóòtù funfun tí mo wọ̀ nù ún, mo tún wò. Ó ti pọ́n sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tí ihò náà jẹ́ fún mi lè rò pé mo ń ṣe àṣejù. Kòkòrò àrùn kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tó máa ń wọ inú ẹ̀gẹ́. Ewé á ká kò, á ní àbàwọ́n yẹ́lò, ìdí rẹ̀ kò sì ní ta dáadáa. Nígbà mìíràn ewé á tilẹ̀ dán bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é, àrùn á sì wà nínú rẹ̀. Purotéènì ni kòkòrò náà fi bo ara rẹ̀ bí ẹ̀wù. Ẹ̀wù yẹn ni mò ń wá, ańtíbọ́dì ni mo sì fi ń wá a. Ańtíbọ́dì ni ohun tí ara ẹranko àti ènìyàn máa ń ṣe láti fi di àrùn mú. Tiwa yìí, láti ara sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nínú ara èkúté ni wọ́n ti mú un, wọ́n wá jẹ́ kí ẹyọ kan yẹn máa pọ̀ sí i títí. Nítorí náà, gbogbo ohun tó wà nínú ìgò náà rí bákan náà, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n dì mú. Bí ó bá rí ẹ̀wù kòkòrò nínú omi ewé, á lẹ̀ mọ́ ọn, oògùn tí a bá dà sí i lẹ́yìn náà á sì di yẹ́lò. Bí kò bá rí i, a ó fọ̀ ọ́ dànù, omi á sì mọ́ bó ṣe mọ́.

Ìgò náà kò tó ìka mi ọmọńdinrín, ohun tó kù nínú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òkè òkun ni ọ̀gá wa ti rí i gbà.

Ewé tí ara rẹ̀ le ńkọ́? Ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá mi, tí à ń pè ní Màmá Ìfọ́n, ni mo ti ń já a. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo yẹ ẹ́ wò, ọ̀gá náà yẹ ẹ́ wò, ó mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi gbogbo ewé tí mo ń kó ní oko bàbá mi àti àwọn oko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní Ìlobù wé e. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù, ìlú bàbá mi, àti Ìfọ́n, ìlú ìyá mi, tún gbóná. Ọ̀nà dá. Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé. Ewé tí mo fi pamọ́ sínú fíríìsà tán, mi ò sì lè lọ já òmíràn. Ọ̀gá ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú omi lásán, pé bí ewé bá ti dé, a ó fi wádìí gbogbo rẹ̀. Ewé dé lóòótọ́. Màmá Ìfọ́n já a fúnra rẹ̀, ó fi aṣọ tútù wé e sínú ọ̀rá, ó fi rán ọlọ́kadà kan sí mi ní Òṣogbo. Ewé yẹn ló wà nínú ihò tó pọ́n.

Ọ̀gá wo abọ́ náà pẹ́. Obìnrin tí kì í pariwo ni, bẹ́ẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ a máa já mi láyà ju igbe lọ, nítorí mi ò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa gbà yọ. Ó ní omi lásán mọ́, nítorí náà kì í ṣe pé n kò fọ abọ́ dáadáa. Ó ku ọ̀nà méjì. Bóyá ìgò ańtíbọ́dì ti bàjẹ́ nígbà tí iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò sì ṣiṣẹ́, tó fi wá ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ èyíkéyìí, ìbáà ṣàìsàn, ìbáà má ṣàìsàn. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo àbájáde mi láti ìgbà tí ọ̀nà ti dá ti di ìdọ̀tí. Tàbí kó jẹ́ pé ewé yẹn gan-an ló ní àrùn.

"Mi ò lè fọwọ́ sí ohun tí mi ò gbà gbọ́," ni ó sọ. "Mú ìdáhùn wá kí Jímọ̀ tó pé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó yọ iṣẹ́ rẹ kúrò nínú ìwé ìwádìí tí a fẹ́ tẹ̀ jáde, a ó sì fún ẹlòmíràn ní tábìlì yìí."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ ìdí tí mo fi dúpẹ́. Mo lọ dúró sẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀, mo fẹ́ sunkún, ẹkún kò wá. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ kì í ṣe tábìlì nìkan. Mo ti sọ fún àwọn àgbẹ̀ Ìlobù pé oko wọn ní àrùn, àwọn kan sì ti fa ẹ̀gẹ́ wọn tu nítorí ọ̀rọ̀ mi. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ni ìgò náà ń pa, èmi ni mo gbé irọ́ náà lọ sí oko wọn.

Nílé wa ní Ìlobù, ìyá mi ní kí n má lọ sí Ìfọ́n. Ó ní ọmọkùnrin tó bá ń rìn lọ rìn bọ̀ lákòókò yìí, ìlú méjèèjì ni yóò máa fura sí i. Bàbá mi kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ Ìfọ́n. Ó ti dúró lágbo ilé, níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì sọ pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ibẹ̀ títí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yóò fi yanjú. Mo ṣe bí ẹni pé ibi iṣẹ́ ni mò ń lọ. Láti Òṣogbo ni mo ti pe ọlọ́kadà tó gbé ewé wá fún mi.

"Ìwọ lo ni ewé!" ni ó wí bó ṣe rí mi. "Mo rò pé ẹnì kan ń ṣàìsàn ni. Mo bi ìyá yẹn pé ṣé kò sí ewé ní Òṣogbo ni, wọ́n ní akọ́wé ló fẹ́ ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. A dé ibi tí àwọn sójà dúró sí. Ọ̀kan bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Ìbéèrè tí mo ti ń bẹ̀rù láti àárọ̀ nìyẹn. Bí mo bá ní Ìlobù, mi ò mọ ohun tí ẹni tó gbé mi yóò rò. Bí mo bá ní Ìfọ́n, yóò dà bí ẹni pé mo sẹ́ bàbá mi. Kí n tó la ẹnu, ọlọ́kadà ti dáhùn pé ọmọ ọmọ ìyá tó ń ta abọ́ tánganran ni mí. Sójà jọ̀wọ́ wa. A wọ ìlú. Mo ń bi ara mi bóyá ó mọ ibi tí bàbá mi ti wá, tó sì dákẹ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá ní iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tó to abọ́ sí bó ṣe ń tò ó láti ìgbà tó ti Gánà dé. Ó pè mí ní ọkọ òun, ó kí mi kí mi, ó béèrè gbogbo ará ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n kọ́kọ́ jẹun. Mo jẹun, ṣùgbọ́n ojú mi wà lẹ́yìnkùlé. Mo jẹun tán, mo lọ síbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí mo mọ̀ ga jù mí lọ. Èyí tó wà níbẹ̀ kò kọjá ìbàdí mi, orí ebè tuntun ló sì wà.

"Màmá, igi tí mo mọ̀ kọ́ nìyí."

"Òun náà ni," ni Màmá wí. "Mo hú ti àtijọ́, mo fi ṣe gàrí, mo ki igi rẹ̀ padà sí ojú ibẹ̀. Àbí báwo ni wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́ ní yunifásítì?"

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ igi àtijọ́ ni Màmá ki padà, igi tó mọ́ ni, a jẹ́ pé ìgò ló bàjẹ́, iṣẹ́ mi sì ti parí. Mo jókòó sórí ebè náà. Mo sọ ohun gbogbo fún un: ihò tó pọ́n, ọ̀gá mi, àwọn àgbẹ̀ tó fa ẹ̀gẹ́ wọn tu. Mo ní ohun kan ṣoṣo ni ańtíbọ́dì náà mọ̀, oko Ìlobù sì ni mo ti ń rí ohun náà. Mo ní bó bá jẹ́ pé igi yìí ti ibòmíràn wá, kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ fún mi, nítorí èmi ni n óò ru ẹrù rẹ̀ bí wọn kò bá sọ.

Màmá wo ọ̀nà ìta bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀. Ó fa àpótí kan, ó jókòó tì mí.

"Àna mi ló gbé e wá," ni ó sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Àna yín wo?"

"Èwo ni mo tún ní? Bàbá rẹ."

Ó wá sọ ọ́. Láti ìgbà tí bàbá mi ti fẹ́ ìyá mi, kò sí ọdún tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tí kò wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, kó kọ ebè fún un kó tó lọ sí oko tirẹ̀. Ìjà ilẹ̀ kò dá a dúró. Ó wá ní ìdájí, ó di igi ẹ̀gẹ́ láti oko rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà, ó fi àpò bò ó. Ó ní ewé irú èyí dán, ó sì máa ń ta dáadáa, kí Màmá má máa gbin ti àtijọ́. Ó kọ ebè, ó gbìn ín, ó bẹ Màmá pé kí Ìlobù má gbọ́. Màmá náà kò fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò gbọ́ pé òun gba nǹkan láti Ìlobù.

"Èmi pa ẹnu mọ́, àna mi pa ẹnu mọ́," ni Màmá wí. "Olófòófó ni ohun tí ẹ kó sínú ìgò yẹn."

Mi ò mọ bí ó ṣe yẹ kó rí lára mi. Inú mi dùn nítorí ìrètí wà. Ojú tì mí pé inú mi dùn. Mo sì ń rántí bàbá mi láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bó ṣe gbé ọwọ́ sókè tó sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo béèrè ibi tí igi àtijọ́ wà. Màmá mú mi lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tó gbìn ín sí nítorí kò fẹ́ kí ó ṣòfò. Mo já ewé kan níbẹ̀, mo já òmíràn lára igi bàbá mi, mo kó wọn sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo ta kókó sí ẹnu ọ̀kan kí n má bàa ṣì wọ́n mú.

Nígbà tí mo padà dé lábù, ìyókù ańtíbọ́dì tó wà nínú ìgò ni a lò. Ọ̀gá gba ohun èlò lọ́wọ́ mi, ó fúnra rẹ̀ kán an sínú ihò. Nígbà tí a da oògùn ìkẹyìn sí i, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ihò igi bàbá mi kọ́kọ́ ṣú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó di yẹ́lò. Mo gbójú kúrò. Mo ń sọ fún ara mi pé bí èkejì bá pọ́n, n óò kí ọ̀gá, n óò kó ìwé mi, n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí omi lójú mi. Nígbà tí mo tún wò, ihò ewé ẹ̀yìn balùwẹ̀ ṣì mọ́ gaara. A dúró sí i. Kò yí padà.

"Ìgò kò ní ẹ̀bi," ni ọ̀gá wí. "Ewé ló ń ṣàìsàn." Ó bi mí bí igi tó ní àrùn ṣe dé Ìfọ́n, nítorí ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Mo ní wọ́n gbé e wá láti Ìlobù. Ó ní ta ni. Mo ní ẹbí ni. Ó wò mí, ó sì kọ ẹbí sílẹ̀.

Ó ku bàbá mi. Mi ò lè dákẹ́, nítorí àrùn yẹn yóò ti ibi tó wà ràn mọ́ ti ẹ̀yìn balùwẹ̀ àti ti àwọn aládùúgbò Màmá. Mo bá a níwájú ilé, ó ń pọ́n àdá, ìyá mi wà nínú ilé ìdáná. Mo lóṣòó tì í kí ohùn mi má bàa lọ jìnnà.

"Bàbá, igi ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé Màmá Ìfọ́n ní àrùn."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí òkúta. Mo ti múra sílẹ̀ de ìbínú, mo ti ro ohun tí n óò sọ bó bá bi mí pé kí ló kan òun pẹ̀lú Ìfọ́n. Kò bi mí. Ó wo ọ̀nà ilé ìdáná, ó tún wò mí.

"Ṣé ó ti ran àwọn tó wà lẹ́yìn balùwẹ̀?" ni ó béèrè.

Mo ní kò tíì ràn wọ́n, àwọn ni wọ́n tilẹ̀ mọ́ jù. Ó mi orí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n àdá, díẹ̀díẹ̀.

"A ó hú tèmi, a ó sun ún," ni ó wí. "A ó gé nínú ti ẹ̀yìn balùwẹ̀ dípò rẹ̀. Ìdájí ọ̀la. Wá àpò tí a ó fi bo ọkọ́."