Ẹni Tí Yóò Rún Dàbínù fún Ọmọ Mi

Nígbà tí ìyàwó mi lóyún àkọ́bí wa, eyín ń dùn mí. Eyín ti ń dùn mí láti kékeré, nítorí náà mi ò kà á sí ìròyìn. Ìyàwó mi ló ní kí n bá òun dé ilé ìwòsàn ní Bassila lọ́jọ́ tó ń lọ ṣàyẹ̀wò oyún, kí obìnrin tó ń tọ́jú eyín níbẹ̀ lè wò mí.

Obìnrin náà yẹ ẹnu mi wò dáadáa. Ó yọ eyín kan, ó dí méjì. Ó wá bi mí bóyá èmi náà yóò máa fi ṣíbí tọ́ ògì wò kí n tó fi í sẹ́nu ọmọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Ó ní ọmọ tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan kan lẹ́nu nígbà tó bá dáyé. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí, ọ̀dọ̀ àwọn tó bá ń gbé ọmọ jókòó ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n irú èyí tó ń jẹ eyín mi yìí, bí eyín ọmọ bá ti ń yọ, ibẹ̀ ni yóò fi ṣelé, pàápàá bó bá bá ṣúgà níbẹ̀.

Mo padà sí Manigri, ìlú wa, mo ṣòfin. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ṣíbí ọmọ sẹ́nu ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rún iṣu lẹ́nu fún un. Ìyàwó mi ní kí ọmọ ọ̀hún kọ́kọ́ dáyé ná. Ìyá mi, tó jẹ́ pé iṣu tó rún lẹ́nu ló fi tọ́ gbogbo wa, fara balẹ̀ gbọ́ òfin náà dópin, ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun.

A bí ọmọ náà, obìnrin ni. Ọ̀rọ̀ dàbínù ni mi ò rántí. Nílé wa, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àlùfáà máa ń rún èso dàbínù lẹ́nu, á wá fi díẹ̀ níbẹ̀ pa àjà ẹnu ọmọ. Ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la kí n tó rántí. Àlùfáà àdúgbò wa ti dàgbà. Òun náà ló rún dàbínù fún èmi, eyín mi sì rèé. Lẹ́yìn ìrun alááṣárì, mo lọ bá a, mo sì ro ọ̀rọ̀ náà fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní òun ló rún ti ẹ̀gbọ́n mi náà, tó ń fi eyín ṣí ìgò títí dòní. Ó wá ní kí n sún mọ́ òun, ó la ẹnu. Mo tan iná fóònù mi, mo yọjú wò ó. Obì ti sọ àwọn eyín náà di pupa, díẹ̀ ti lọ, àwọn tó kù dúró dáadáa.

“Ṣé o ti rí wọn?” ó bi mí.

“Rárá, bàbá. Ojú kì í rí wọn.”

“Kí lo wá ń wò?”

Mo pa iná fóònù. Àánú mi ṣe é, mo rò ó. Ó ní, “Jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rún un. Ẹnu ìyá rẹ̀ ni yóò ṣáà máa bá gbélé.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Ìyàwó mi rún dàbínù, àlùfáà ṣàdúà. Nítorí pé wọn ò rí i kó rún nǹkan kan, gbogbo àdúgbò gbà pé akokoro ń dà á láàmú. Fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ń gbé egbòogi àti iyọ̀ lọ fún un. Ó gba gbogbo rẹ̀, ó ń dúpẹ́.

Òfin mi dúró títí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Ó lá ilẹ̀kùn, ó lá okùn ewúrẹ́. Nígbà tó di àsìkò kajú, mo bá a lábẹ́ igi lóko wa pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, èso kan ṣoṣo ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, gbogbo wọn ń fà á mu. Mo dúró ń wò wọ́n. Ìyàwó mi bi mí bóyá kí òun tan iná fóònù.

Mo tún lọ bá obìnrin eléyín náà ní Bassila, mo ní ọwọ́ mi ò ká a mọ́. Ó ní kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ ń ká a. Bí eyín bá ṣe ń yọ, bí oúnjẹ bá ṣe ń yí padà, bẹ́ẹ̀ làwọn kòkòrò mìíràn yóò máa dé. Àwọn tó dára tó ti jókòó síbẹ̀ sì máa ń dí àwọn ìkà lọ́nà díẹ̀. Ó ní kí n ṣọ́ bọ́nbọ́n, nǹkan dídùn tí ọmọdé ń lá, kí n gbájú mọ́ fífọ eyín, kí n sì fi ewúrẹ́ sílẹ̀.

A ra búrọ́ọ̀ṣì kékeré. Ìyá mi ló gba iṣẹ́ náà. Lálaalẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ó máa ń fi orúnkún méjèèjì há ọmọ mọ́lẹ̀, á fọ eyín rẹ̀ títí omijé yóò fi dé. Bọ́nbọ́n tí àwọn àlejò bá mú wá, òun ló ń jẹ ẹ́; ó ní òun ò ní eyín tí ohunkóhun lè bà jẹ́ mọ́.

Ọmọ náà ti wọ ilé ìwé báyìí. Eyín ẹ̀yìn kan lu, a dí i. Àwọn tiwájú ti ń yẹ̀, tuntun ti ń yọrí. Kì í fẹ́ kẹ́nikẹ́ni yẹ ẹnu òun wò. Bí mo bá ní kó la ẹnu, á ní kí n lọ bi ìyá àgbà, òun ló mọ gbogbo wọn.