Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tí Adùnọlá Sọ Lórí Rédíò

Bí ẹ bá ń gbé láàrin Yaba sí Mushin, tí ẹ sì máa ń tètè jí, a jẹ́ pé ẹ mọ ohùn Adùnọlá. Òun ló ń ka ìwé ìròyìn lédè Yorùbá ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Sùúrùlérè. Ọmọ tíṣà ni, ìdílé onímẹ́tọ́díìsì tó ṣí wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sì ka ìròyìn gbẹrẹfu rí. Yóò kà á, yóò túmọ̀ rẹ̀, yóò wá fi ata àti iyọ̀ sí i. Kí a má parọ́, ata àti iyọ̀ yẹn gan-an ni àwọn èèyàn ń jí gbọ́.

Nígbà tí náírà wá ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́, tí iye ìrẹsì àárọ̀ kì í ṣe iye ti ìrọ̀lẹ́ mọ́, gbogbo etí wá lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìwé ìròyìn kan gbé e jáde pé ilé ìfowópamọ́ kékeré kan ní Mushin ti ń mì. Wọn kò dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ẹnìkan tí kò fẹ́ kí a mọ òun ló sọ ọ́. Ó yẹ kí Adùnọlá pe ẹnìkan kó tó kà á, ṣùgbọ́n kò pe ẹnikẹ́ni. Nítorí ẹ̀rù ẹjọ́, kò tilẹ̀ dárúkọ Mushin. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi, kí ẹni tó bá ní owó nílé ìfowópamọ́ kékeré tètè lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ó rò pé òun ń ṣe àwọn èèyàn òun lóore ni.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ dé inú àwọn ará Ìwáyà, tiwọn ni wọ́n fi sọ ọ́ di odindi. Àwọn tó ń ṣòwò ẹja létí ọ̀sà ní ilé ìfowópamọ́ kékeré kan níbẹ̀, ara rẹ̀ sì le koko. Kó tó di ọ̀sán, èrò ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sanwó fún wọn títí owó tó wà nílẹ̀ fi tán, nítorí èyí tó pọ̀ jù ti wà lọ́wọ́ àwọn tí ilé ìfowópamọ́ náà yá lówó. Ni wọ́n bá tilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ẹtì ni Ṣìmí dé ilé iṣẹ́ rédíò. Ẹja yíyan ló ń tà ní Ìwáyà, ó sì máa ń pe ètò Adùnọlá lórí fóònù débi pé gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ ohùn rẹ̀. Kò bínú rárá, ìyẹn gan-an ló burú jù. Ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, òun pẹ́ dé, owó ọdún mẹ́rin tí òun fẹ́ fi ra firísà ló há síbẹ̀, kí Àǹtí jọ̀ọ́ bá òun wádìí bóyá ó ti lọ.

Ìgbà yẹn ni Adùnọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ pe Rilwan, máníjà ilé ìfowópamọ́ náà. Rilwan ní kò sí ohun tó ṣe àwọn àfi ẹnu ẹnìkan. Ó ní àwọn yóò ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Ajé. Bí àwọn èèyàn bá fara balẹ̀, kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni kò ní sọnù. Bí wọ́n bá tún ya bo àwọn, ó parí nìyẹn, ẹni tó bá wà lẹ́yìn kò ní rí nǹkan kan gbà. Adùnọlá sọ gbogbo rẹ̀ fún Ṣìmí. Ṣìmí dúpẹ́, ó ní òun gbà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, Adùnọlá kò lè jókòó. Ó fọ abọ́ tó mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó lọ ra ata ní Sábó, ó dé láìra ata. Ojú ń tì í. Ó pe Dennis, ọ̀gá wọn, ó ní òun fẹ́ tọrọ àforíjì lórí afẹ́fẹ́.

“Àǹtí, ẹ ò dárúkọ ẹnikẹ́ni,” ni Dennis wí. “Kò sẹ́ni tó lè mú wa. Tẹ́ ẹ bá lọ sọ pé ẹ jẹ̀bi, ẹ̀yin lẹ máa kó wa lọ sí kóòtù.”

Òótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó lè mú un. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn gan-an nìyẹn, nítorí orí àga rédíò tó ń jókòó sí ló ti ń pe àwọn olóṣèlú pé kí wọ́n wá jíhìn.

Lọ́jọ́ Ajé, kò ṣí ìwé ìròyìn kankan. Kò pa òwe, kò fi ata sí i.

“Ilé ìfowópamọ́ tó wà ní Ìwáyà kò ní ìṣòro,” ó ní. “Mi ò wádìí kí n tó sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ṣe àṣìṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ kówó yín.”

Kò dúró kí Dennis rí i. Ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Ìwáyà. Ìlà tó bá níwájú ilé ìfowópamọ́ gùn ju ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà sílé, ni ọkùnrin kan bá dá ohùn rẹ̀ mọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Àǹtí, a gbọ́ yín láàárọ̀. Ẹ ò pa òwe kankan. Ó yé wa pé wọ́n dúró tì yín ni, wọ́n fipá mú yín sọ ọ́.”

Adùnọlá búra pé kò sẹ́ni tó fipá mú òun. Bó ṣe ń búra ni wọ́n ń sún mọ́ ilẹ̀kùn.

Láàrin ìlà ló ti rí Ṣìmí. Ojú Ṣìmí kún fún àánú, ó fà á lọ́wọ́, ó sún sẹ́yìn kí àyè lè wà.

“Ẹ bọ́ síwájú mi, Àǹtí,” ó sọ ọ́ sí i létí. “Ẹ̀yin lẹ là wá lójú, kò yẹ kí owó tiyín há síbẹ̀.”