Ojúọlá àti Ọ̀gá Tó Ń Tọ́ Amọ̀ Wò

Bí Ojúọlá Olúdáìsí bá rẹ́rìn-ín músẹ́ tí kò sọ̀rọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n a kọ́kọ́ yẹ àga wọn wò kí wọ́n tó jókòó. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Òun ló so agogo ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ewúrẹ́ kátíkíìsì lọ́rùn ní Iléṣà, tí ìdajì àdúgbò fi múra ìsìn lọ́jọ́ Tuesday. Kátíkíìsì ọ̀hún, bàbá tó bí i ni.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ rélùwéè gbé Lékè ọkọ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Enugu, ó bá a lọ, wọ́n gba yàrá méjì ní Achara Layout. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1966, ó ríṣẹ́ tàìpísì sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan. Àwọn yìí kì í wá wúrà, kì í wá èédú. Amọ̀ funfun, òkúta àti iyanrìn ni wọ́n ń rà kiri ayé, tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ṣe páúdà ojú, ọ̀dà, bébà àti abọ́ tánganran.

“Bàbá Bọ́lá, ẹ gbọ́ o,” ló wí fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. “Erùpẹ̀ ni wọ́n ń tà fáráyé, wọ́n sì tún nílò tàìpísì!”

Ọ̀gá ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Pẹ́tígíríù, òyìnbó gbọọrọ kan tó ń gbé ní GRA. Ohun tó ń fi yangàn jù láyé ni ahọ́n rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé amọ̀ wá, á bu díẹ̀ sẹ́nu, á fi eyín lọ̀ ọ́, á dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà. “Apá Nsukka ni,” ni yóò wí. “Iyanrìn ti pọ̀ jù nínú ẹ̀.” Ta ni yóò bá a jiyàn?

Lọ́jọ́ kan, Ojúọlá ní kó kọ́ òun náà ní bí wọ́n ṣe ń mọ amọ̀ tó dáa. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. “Ata ti ba ahọ́n ẹ̀yin obìnrin ìhín jẹ́. Padà sídìí tàìpù rẹ.”

Ojúọlá rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sọ̀rọ̀.

Ní Sátidé, ó lọ sọ́jà Gariki, ó ra sítáàṣì gbígbẹ tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń mú kọ́là ẹ̀wù le. Ó fi ìgò lọ̀ ọ́ kúnná. Lọ́jọ́ Monday, ó dà á sínú àwo kan láàárín àwọn àwo amọ̀, ó kọ nọ́ńbà 47 sí i lára. Ọ̀gbẹ́ni Anieke, ọmọ Udi tó ń ṣọ́ ilé ẹrù wọn, rí i.

“Madam, which side dem dig dis one?”

“Ask me again after lunch,” ni Ojúọlá fi dá a lóhùn.

Ọ̀gá dé ìdí nọ́ńbà 47. Ó bu ú sẹ́nu. Ojú rẹ̀ là. Ó tún bu ú.

“Hóró iyanrìn kan ò sí níbẹ̀!” ló kígbe. “Ọgbọ̀n ọdún! Ahọ́n mi ò tíì kan irú èyí rí!”

Ẹ̀rín ti dé Ojúọlá lọ́fun, ó fẹ́ la ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó yanu, ọ̀gá ti fò sínú mọ́tò, ó ti gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ, ó ti tẹ wáyà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ kejì ni èsì dé: kí wọ́n fi tọ́ọ̀nù márùn-ún amọ̀ 47 ránṣẹ́ kíákíá, àwọn oníbàárà tó ń ṣe páúdà ti ń retí.

Nígbà tí Lékè gbọ́ nídìí oúnjẹ, òkèlè dúró sí i lẹ́nu.

“Ìyá Bọ́lá, tọ́ọ̀nù márùn-ún sítáàṣì? Gbogbo ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Ìgbò ha lè tó o bí?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹlẹ́yà.”

“Ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́yà? Lọ jẹ́wọ́ láàárọ̀ ọ̀la.”

Ó jẹ́wọ́. Ọ̀gá ò gbà. “Ahọ́n mi kì í purọ́,” ló wí, ó ti ń bínú.

 Ojúọlá gbé kẹ́tù omi tíì, ó da omi gbígbóná sínú àwo 47, ó fi pẹ́ńsù rò ó. Ó ki. Ó ń yọ̀ bí ilá. Nígbà tó fọwọ́ sílẹ̀, pẹ́ńsù náà dá dúró fúnra rẹ̀. Ọ̀gá fi ìka kàn án, ó sì sáré fa bébà wáyà tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá sẹ́yìn kí sítáàṣì má baà kàn án. Bébà bá lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó gbọ̀n ọ́n, kò já. Ẹnìkan ń wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ẹni tí ẹja há lọ́fun.

Ojú ọ̀gá pọ́n bí ẹyìn. Kò pẹ́ tí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Ẹ̀rín ni.

“Ta ló tún mọ̀?”

“Ọkọ mi, Sà. Àti Ọ̀gbẹ́ni Anieke tó ń wúkọ́ lóde.”

“Lọ́ńdọ̀nù wá ń kọ́?”

“Ẹ ò ṣe wí pé òjò ti wó kòtò amọ̀ náà?”

“Èmi kì í purọ́ fún Lọ́ńdọ̀nù!” Ó rìn yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. “Kọ ọ́ báyìí: omi ti ba amọ̀ 47 jẹ́, kò sì sí òmíràn. Ṣé irọ́ ni?”

“Rárá o, Sà. Ojú mi ló ṣe.”

Kò lé e. Ó ní ẹni tó bá lè tan òun jẹ ló yẹ kó máa ṣọ́ òun. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń da amọ̀ sómi nínú ìgò, tí iyanrìn á rì sísàlẹ̀ kí amọ̀ gan-an tó rọ̀ wá sílẹ̀. Láti ìgbà náà, amọ̀ tí Ojúọlá ò bá tíì yẹ̀ wò kò gbọdọ̀ kan ahọ́n ọ̀gá.

Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, ìlú ò fararọ mọ́, àwọn Yorùbá ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní Enugu. Lékè náà gbàwé pé kó máa lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ tí Ojúọlá lò gbẹ̀yìn, ìgò ló fi ń kọ́ Anieke, bí wọ́n ṣe ń mì í àti bí wọ́n ṣe ń mọ ìwọ̀n iyanrìn tó rì sísàlẹ̀ rẹ̀.

“Madam,” ni Anieke wí lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, “na who go worry us now?”

  Ojúọlá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ títí, ó pọn Bọ́lá ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin.