Ilà Dúdú Lábẹ́ Èékánná

Ọdún méjìdínlógún ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ti ń wẹ egbò ní ọsibítù. Àwọn aláìsàn ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí kì í já báńdéèjì kúrò lójú egbò. Lọ́jọ́ kan, dókítà ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì nípa jẹjẹrẹ awọ ara tó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí àbàwọ́n dúdú ní ẹsẹ̀ tàbí lábẹ́ èékánná. Ó ní kí wọ́n máa bi aláìsàn bóyá ó ti ṣe ẹnìkan rí nínú ẹbí, torí ìdílé mìíràn wà tó ń jogún ewu rẹ̀. Ni ọkàn Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bá lọ sí gìgísẹ̀ bàbá rẹ̀. Egbò dúdú ibẹ̀ ló pa bàbá, ìṣó tó gún un níbẹ̀ ni gbogbo ilé sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ó gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ aránṣọ lọ. Kò tíì jókòó tó fi rí ilà dúdú lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ní abẹ́rẹ́ máṣíìnì ló gún òun ní èṣí.

"Àpá abẹ́rẹ́ kì í pẹ́ tó yìí. Ẹ jẹ́ ká lọ fi han dókítà."

"Lójú nọ́ọ̀sì, gbogbo ohun tó bá dúdú ni àìsàn. Wá gé irun orí mi náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n lọ. Jẹjẹrẹ náà ni. Wọ́n gé orí àtàǹpàkò ọ̀hún kó tó tàn ká ara.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì, láti wo ohun tí òbí ń fi sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Èsì dé: ìyípadà kan wà nínú ohun tí àwọn méjèèjì jogún, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó léwu. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, tó ń ka èsì fún ọmọ aráyé, ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ẹni tí kò mọ̀wé. Ó bi dókítà bóyá kí òun bẹ̀rù tàbí kí òun má bẹ̀rù. Dókítà ní kó máa yẹ ara rẹ̀ wò, kó máa padà wá lóṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Ẹ̀gbọ́n ti padà sídìí máṣíìnì. "Bàbá ò fi ilé sílẹ̀, kò fi ilẹ̀ sílẹ̀," ló wí. "Ṣé èyí ló wá rí pín fún wa?"

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín lòun ń rín tàbí ẹkún lòun ń sun.

Ní báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá wá wẹ egbò lọ́dọ̀ rẹ̀, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ á bọ́ ìbọ̀sẹ̀ onítọ̀hún, á wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka, á sì béèrè ẹni tí egbò tí kò jinná pa nínú ẹbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan dá ìbéèrè náà padà fún un.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ó wà nínú ẹbí tiyín?"

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ká ìbọ̀sẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Egbò pa bàbá wa, mà. Bóyá ohun tó fi sílẹ̀ fún wa léwu, a ò tíì mọ̀," ló wí, ó sì yí sí ẹsẹ̀ kejì.