Halelúyà Tó Lé Erin Lọ

Ọjọ́ tí Bàbá mi mú mi lọ wo erin nínú igbó ìjọba lẹ́yìn ìlú Ajue, lọ́dún tí a gba òmìnira, kò kúrò lọ́kàn mi rí. Ọdẹ tó ṣáájú wa kìlọ̀ pé ká má sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé etí odò, a rí erin kan àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń mumi. Mo lanu, n kò lè pa á dé. Ṣùgbọ́n Aládùúrà ni Bàbá. Kì í rí iṣẹ́ Olúwa kó dákẹ́. Ó nawọ́ sókè, ó ké: “Halelúyà!” Igbó mì tìtì, erin sá lọ.

“Ẹ ti lé wọn lọ o, Bàbá!” ni ọdẹ wí.

Bàbá rẹ́rìn-ín: “Wọn á padà wá.”

Oko kòkó ti gba ibẹ̀ báyìí, Bàbá náà ò sí mọ́. Bí mo bá dé etí odò yẹn, èmi náà a ké Halelúyà. Kò sí ohun tó ń sá.